Ilé Oúnjẹ Ítálì Tuntun Ládùúgbò: Bí Ẹ Ṣe Máa Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Kó Ìdílé Lọ Jẹun Ọ̀sán

Tábìlì ìdílé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe tábìlì ẹni méjì. Màmá tó wá kí wa láti ilé máa wà níbẹ̀, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Ọmọ kékeré tí kì í jẹ nǹkan tó bá ní ọbẹ̀ lórí máa wà níbẹ̀. Ìyàwó bọ̀ọ̀dá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan ètè wọn. Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ilé oúnjẹ Ítálì tuntun bá wá ṣí sí àdúgbò yín, ní Peckham, Woolwich tàbí Tottenham, tí gbogbo ilé ń pariwo pé ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ ní Sọ́ńdè, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti lọ fojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀ ṣáájú. Ẹni yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ràn oúnjẹ àwọn ará Ítálì fún ìdílé bíi tiwa, mo sì ní ìdí. Ẹ̀wà wà nínú oúnjẹ wọn, àgbàdo wà níbẹ̀, ṣàkì, ìrù màlúù, ẹja gbígbẹ, tòmátò àti ata, gbogbo nǹkan tí Màmá ti mọ̀ tipẹ́. Ọmọdé kì í sì í ṣe àlejò ní ilé oúnjẹ wọn. Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti wáìnì wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wọn láìjẹ́ pé mẹ́nù sọ ọ́. Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Bí mo ṣe ń yan ilé oúnjẹ nìyẹn: ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ṣòro jù nínú ilé ni mo fi ń wò ó. Tí ẹni yẹn bá ti rí nǹkan bíi méjì tó lè jẹ láìfòyà, àwọn yòókù á jẹ yó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Bébà búlúù tó wà lára fèrèsé

Ẹ lè mọ̀ pé ilé oúnjẹ kan ń bọ̀ kí wọ́n tó gbé àga wọlé. Tí ẹ bá rí bébà búlúù tí àwọ̀ rẹ̀ ò le, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń tún ṣe, ẹ dúró kà á. Òfin Licensing Act 2003 ló ní kí ẹni tó ń tọrọ àṣẹ láti máa ta ọtí lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 28 gbáko, kí àwọn ará àdúgbò lè rí i. Orúkọ ẹni tàbí iléeṣẹ́ tó ń tọrọ àṣẹ máa wà lórí rẹ̀, àti ohun tó ń tọrọ àṣẹ fún. Tó bá jẹ́ ọtí pẹ̀lú oúnjẹ ni, ilé oúnjẹ ni. Tó bá jẹ́ orin aláriwo títí di òru ni wọ́n ń tọrọ àṣẹ fún, ẹ ti mọ̀ pé ibi fàájì alẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, Màmá ò ní gbádùn ibẹ̀.

Ohun kejì tí ẹ máa wò ni máàkì ìmọ́tótó. Ní England, Wales àti Northern Ireland, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ló máa ń lọ yẹ ilé ìdáná wò, wọ́n á sì fún un ní máàkì láti 0 dé 5. Ní Wales, dandan ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tí èèyàn á ti rí i, àmọ́ ní England kò pọn dandan. Nítorí náà, bí ẹ ò bá rí sítíkà aláwọ̀ ewé àti dúdú yẹn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá orúkọ ilé oúnjẹ náà lórí ìkànnì Food Standards Agency, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ. Ilé oúnjẹ tuntun lè máa retí àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ibì kan náà ni, olówó kan náà, tó kàn yí orúkọ padà, máàkì àtijọ́ tó gbà máa sọ nǹkan fún yín. Ẹ rántí pé máàkì yìí ò sọ bóyá oúnjẹ dùn. Ìmọ́tótó nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oúnjẹ, bí ilé ṣe mọ́ tó, àti bóyá àwọn tó ń darí ibẹ̀ mọṣẹ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tuntun máa ń gé owó ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kí ilé ìdáná lè fi mọ́wọ́ wọlé. Ẹ̀dínwó yẹn dáa fún ẹni tó dá wà. Kò dáa fún ìdílé. Lásìkò yẹn, oúnjẹ lè pẹ́ dé, àwọn agbáwo ò tíì mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nǹkan tí ẹ sì fẹ́ bi wọ́n jù lọ nìyẹn. Ẹ fún wọn láyè bí oṣù kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kíka mẹ́nù lórí fóònù

Ẹ má tíì ka iye ìràwọ̀ tí àwọn èèyàn fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ àti ẹbí ẹni tó ni ín lè wà lára àwọn tó ń kọ ọ́. Àwòrán tí àwọn oníbàárà yà ni kí ẹ wò, torí ó máa ń fi bí oúnjẹ ṣe pọ̀ tó nínú àwo hàn, ó sì máa ń fi hàn bóyá àwọn tábìlì fún pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá mẹ́nù.

Bí wọ́n ṣe ń to mẹ́nù Ítálì rèé. Antipasti ni nǹkan kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Primi ni pasta, risotto àti ọbẹ̀ olómi. Secondi ni ẹran àti ẹja. Contorni ni ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún, ẹ sì máa rà á lọ́tọ̀ ni, torí kì í sábà bá ẹran wá. Dolci ni nǹkan dídùn. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn jù níbẹ̀ ni contorni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti ra ẹja tí wọ́n sun, tí ẹja nìkan sì dé orí àwo pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mẹ́nù kúkurú ni mo máa ń fẹ́: pasta bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹran àti ẹja bíi mẹ́rin. Ilé ìdáná kékeré tó bá ní kí ẹ yan nínú ogójì oúnjẹ ò lè máa sè wọ́n lójoojúmọ́, inú fíríìsà ni ọ̀pọ̀ wọn á ti wá. Bí mẹ́nù bá tún sọ ibi tí oúnjẹ ti wá ní Ítálì, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Àwọn ará Rome ló ni cacio e pepe àti carbonara, àwọn ará Bologna ló ni tagliatelle al ragù (pasta pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran lílọ̀), àwọn ará Catania ní Sicily ló ni pasta alla Norma tí wọ́n fi ikàn díndín sè. Alásè tó mọ ìlú tí oúnjẹ òun ti wá sábà máa ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ tún wo bóyá wọ́n kọ kcal, ìyẹn iye agbára tó wà nínú oúnjẹ, síwájú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2022, dandan ni ní England fún iléeṣẹ́ oúnjẹ tó bá ní òṣìṣẹ́ 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i ní ilé oúnjẹ tó ń pe ara rẹ̀ ní ti àdúgbò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iléeṣẹ́ ńlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé oúnjẹ wọn ò dáa. Àmọ́ ẹni tó ni ibẹ̀ lè má sí nítòsí láti dáhùn ìbéèrè yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ibi tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti wáìnì ń sá pamọ́ sí

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí nínú ìdílé wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan, ìtìjú ńlá sì ni fún ẹni tó pe àpèjẹ bí ẹnì kan bá jẹ ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ.

Àwọn tí orúkọ wọn ti tú wọn fó ò le: prosciutto, salame, mortadella, speck, pancetta, guanciale, salsiccia, porchetta. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe gbogbo wọn. 'Nduja, nǹkan pupa tó ń ta lẹ́nu láti Calabria, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni òun náà, àmọ́ torí pé ata pọ̀ nínú rẹ̀, ojú àwọn èèyàn wa máa ń wọ̀ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún un.

Àwọn tó fara pamọ́ ló ṣòro. Guanciale, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ló wà nínú pasta carbonara, amatriciana àti gricia. Ragù tí wọ́n ń fi bo lasagne, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹran màlúù nìkan ni. Ìlànà ragù tí Accademia Italiana della Cucina, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àṣà oúnjẹ Ítálì, fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ oníṣòwò ìlú Bologna lọ́dún 1982 ní pancetta nínú, ó sì ní wáìnì. Inú tortellini, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀wà pẹ̀lú pasta, tó dà bíi pé kò lè ní wàhálà kankan, wọ́n lè fi pancetta díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú òróró. Minestrone, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ olómi, náà bẹ́ẹ̀. Risotto, wáìnì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dà lé ìrẹsì lórí, omi ẹran ni wọ́n sì sábà fi ń sè é. Spaghetti alle vongole, tí wọ́n fi ìṣáwùrú inú òkun sè, ó ṣeé ṣe kí wáìnì funfun wà nínú rẹ̀. Panna cotta, nǹkan dídùn tí wọ́n fi ọ̀rá wàrà ṣe, gelatine ló mú un dì, ó sì lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Tiramisù, àwọn kan máa ń da wáìnì Marsala tàbí ọtí líle sí kọfí inú rẹ̀.

Wàràkàṣì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ohun tó ń mú Parmigiano Reggiano dì wá láti inú ikùn ọmọ màlúù. Ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá kì í jẹ ẹ́, Mùsùlùmí tó bá sì ń wo bí wọ́n ṣe pa ẹran kí ó tó jẹ ẹ́ lè fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹran màlúù àti adìyẹ ibẹ̀ kì í ṣe halal bí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹja àti ẹ̀fọ́ ló kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pọ̀ tó.

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́jọ́ iṣẹ́, nígbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀. Ẹ má kàn béèrè pé "ṣé ẹ ní halal?" kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ dárúkọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ragù yín, ṣé wáìnì wà nínú ọbẹ̀ tòmátò yín, irú gelatine wo ni ẹ̀ ń lò, ṣé ọ̀bẹ kan náà lẹ fi ń gé pizza tó ní salame àti èyí tí kò ní? Bí ẹni tó gbé fóònù bá ní kí ẹ dúró, tó lọ bi alásè, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Bí ó bá dáhùn kíákíá pé "kò sí wàhálà" kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹni tí oúnjẹ kan ń bá ara rẹ̀ jà ńkọ́? Òfin ní kí wọ́n lè sọ fún yín bóyá èyíkéyìí nínú nǹkan 14 tí òfin tò sílẹ̀ wà nínú oúnjẹ wọn: ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, ẹja, edé, sẹ̀sámè, àlìkámà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ hóró pine tí wọ́n ń gún mọ́ ọbẹ̀ pesto ò sí lára 14 yẹn. Bí ọmọ yín bá ní wàhálà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀ fúnra yín, ẹ sì béèrè bóyá kajú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, torí àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ lọ dá jẹun níbẹ̀

Ní ọjọ́ iṣẹ́, lọ́sàn-án, kí ẹnì kan lọ jẹun níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló ní mẹ́nù ọ̀sán olówó pọ́ọ́kú lọ́jọ́ iṣẹ́, nítorí náà àyẹ̀wò yìí ò ní jẹ owó púpọ̀.

Ẹ ra spaghetti al pomodoro. Mo mọ̀ pé ó dà bí oúnjẹ ọmọdé. Àmọ́ tòmátò, òróró ólífì, aáyù tàbí àlùbọ́sà, àti ewé basil tó jẹ́ ìbátan ẹfìnrín wa, ìyẹn nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ibi tí alásè lè sá pamọ́ sí. Kí ẹ tó fi ẹnu kàn án, ẹ fi fọ́ọ̀kì gbé díẹ̀ sókè kí ẹ wo ìsàlẹ̀ àwo. Bí omi pupa bá dá dúró níbẹ̀, tí pasta sì funfun lókè, wọ́n kàn da ọbẹ̀ lé e lórí ni. Bí ọbẹ̀ bá di mọ́ ara pasta, tó ń dán, tí ìsàlẹ̀ àwo ò sì ní omi, wọ́n pa àwọn méjèèjì pọ̀ nínú páànù lórí iná, pẹ̀lú díẹ̀ nínú omi tí wọ́n fi bọ pasta náà. Sítáàṣì inú omi yẹn ló ń mú kí ó dì mọ́ra. Ẹ wá fi eyín gé ọ̀kan kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: àmì funfun kékeré bí orí abẹ́rẹ́ lè wà láàárín rẹ̀. Bí àwọn ará Ítálì ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn, kì í ṣe pé kò jinná.

Tó bá jẹ́ pizza ni wọ́n gbájú mọ́, margherita ni kí ẹ fi dán wọn wò. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ti Naples ni tàbí ti Rome. Ẹgbẹ́ Associazione Verace Pizza Napoletana, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Naples lọ́dún 1984, ní ìlànà pé ààrò gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 430 sí 480 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí pizza sì jinná láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Nítorí náà, etí rẹ̀ máa wú, á ní àmì dúdú káàkiri, àárín rẹ̀ á sì rọ̀ débi pé ó lè tẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e. Àwọn àgbà wa kì í sábà fẹ́ràn àárín tó rọ̀ yẹn. Ti Rome fẹ́lẹ́, ó sì máa ń dún kàkà lẹ́nu. Mo rò pé ìyẹn ló bá ìdílé tó ní àgbà mu jù.

Ẹ tún bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń sè carbonara, kódà bí ẹ kì í bá jẹ ẹ́. Ẹyin, wàràkàṣì pecorino, guanciale àti ata dúdú ló wà nínú ti Rome. Bí wọ́n bá dárúkọ ọ̀rá wàrà, ẹ ti mọ irú ilé ìdáná tí ẹ wà.

Nígbà tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ wo ilé náà bí ẹni tó ń wá ilé fún Màmá. Níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà? Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìsàlẹ̀ ilé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń wà, àtẹ̀gùn tóóró sì ni wọ́n máa ń gbà débẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó fúnra yín, kí ẹ ka àtẹ̀gùn, kí ẹ wò ó bóyá ó ní ohun tí èèyàn lè dì mú. Lójú tèmi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí Màmá ò lè dé ti tó láti fi ibẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kí pasta wọn dùn tó. Ṣé àga ga tó fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ṣé ó ní ẹ̀yìn? Ṣé àga ọmọdé wà? Ṣé tábìlì kan wà tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí òtútù má máa fẹ́ wọlé bá wọn nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí? Ẹ béèrè nọ́ńbà tábìlì náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Gbígba tábìlì sílẹ̀

Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń bọ̀ ní Sọ́ńdè, ìsìn sì lè pẹ́ kó tó parí. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kékeré ló máa ń dẹ́kun gbígba oúnjẹ ọ̀sán ní aago méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta. Ẹ má béèrè aago tí wọ́n ń tì nìkan, ẹ béèrè aago tí ilé ìdáná máa gba oúnjẹ kẹ́yìn. Tí kò bá bá ìsìn yín mu, ẹ yan Sátidé. Oúnjẹ ọ̀sán Sátidé tí ẹnikẹ́ni ò sáré sàn ju ti Sọ́ńdè tí ẹ jẹ pẹ̀lú ìkánjú.

Bí ẹ bá ju mẹ́fà lọ, wọ́n lè ní kí ẹ fi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀ tàbí kí ẹ san owó àsansílẹ̀, bí ẹ ò bá sì wá, wọ́n lè mú un. Nítorí náà, ẹ ka iye èèyàn dáadáa, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ẹnì kan bá yẹ̀. Ẹ sọ nígbà yẹn pé ẹ fẹ́ tábìlì tí ẹ ti rí, pé àgbàlagbà wà láàárín yín, àti pé ẹnì kan kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí mu ọtí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé kéèkì ọjọ́ìbí wá, ẹ gba àṣẹ. Àwọn kan máa ń gba owó lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ohun tí ẹ máa rà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan

Màmá ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Trippa alla romana, ṣàkì tí wọ́n fi tòmátò, ewé mint àti pecorino sè, máa yé wọn lójú ẹsẹ̀. Coda alla vaccinara, ìrù màlúù tí wọ́n sè títí ẹran fi ń já kúrò lára egungun, pẹ̀lú tòmátò àti ewé celery, wọ́n máa gbádùn ìyẹn náà. Wáìnì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, àwọn alásè kan sì máa ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí náà ẹ béèrè.

Bí ẹ bá ṣoríire rí baccalà alla vicentina, ẹ rà á fún wọn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ baccalà, ẹja oníyọ̀ ló ń tọ́ka sí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ítálì, ṣùgbọ́n ẹja gbígbẹ láti erékùṣù Lofoten ní Norway ni àwọn ará Vicenza ń lò, ibi kan náà tí pánlá inú ọjà wa ti ń wá. Ítálì àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ra ẹja yẹn jù láyé. Pietro Querini, oníṣòwò ará Venice tí ọkọ̀ rẹ̀ rì, tó sì gúnlẹ̀ sí erékùṣù Røst níbẹ̀ lọ́dún 1432, ni àwọn ará Ítálì ń sọ pé ó mú un délé. Wọ́n á sè é nínú wàrà pẹ̀lú àlùbọ́sà títí á fi rọ̀, wọ́n á sì gbé e wá pẹ̀lú polenta, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò bí àmàlà. Kì í ta lẹ́nu. Ẹ béèrè òróró peperoncino, ìyẹn òróró oníata, sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sábà máa ń ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ta bí ata rodo. Ẹ má jẹ́ kí Màmá yọ ata tiwọn jáde látinú báàgì kí ẹ tó béèrè.

Tó bá jẹ́ pasta ni wọ́n fẹ́, tí wọ́n sì ní kò jinná, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ sọ fún agbáwo, kó tó gba oúnjẹ sílẹ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kí ti Màmá pẹ́ díẹ̀ sí i lórí iná. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, kò sì sí alásè rere tó máa kọ̀ ọ́.

Fún ìyàwó bọ̀ọ̀dá: pasta alla Norma, tàbí penne all'arrabbiata tó ní ata, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí wáìnì nínú ọbẹ̀ tòmátò náà. Fún bọ̀ọ̀dá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra: ẹja branzino tàbí orata tí wọ́n sun, pẹ̀lú òróró àti ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ̀fọ́ spinaci tàbí ẹ̀wà funfun láti ibi contorni, kí wọ́n má sì fi iyọ̀ kún un. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹra fún cacio e pepe, puttanesca àti ohunkóhun tó ní acciughe, ẹja kéékèèké oníyọ̀; iyọ̀ pọ̀ nínú wàràkàṣì pecorino, nínú ẹja kéékèèké yẹn àti nínú èso capperi.

Ọmọ kékeré: ẹ ní kí wọ́n ṣe pasta in bianco, bọ́tà àti wàràkàṣì nìkan, ìwọ̀n ìdajì. Kì í sábà sí lórí mẹ́nù, ṣùgbọ́n ilé ìdáná Ítálì tòótọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n tètè gbé e wá pẹ̀lú antipasti àwọn àgbà, torí ọmọ tí ebi ń pa kì í dúró de primi.

Ẹ ra antipasti méjì tàbí mẹ́ta sáàárín tábìlì kí gbogbo yín jọ jẹ: ẹ̀fọ́ sísun, burrata (wàràkàṣì tó rọ̀), bruschetta (búrẹ́dì yíyan). Ẹ fi èyí tó bá ní ẹran sí àwo ọ̀tọ̀. Omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ní England àti Wales níbi tí wọ́n bá ti ní àṣẹ láti ta ọtí fún àwọn tó ń jókòó mu ún, ẹ ṣáà béèrè fún un. Tí wọ́n bá gbé limoncello wá lẹ́yìn oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, ọtí ni, bó tilẹ̀ ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ gbé e kúrò níwájú àwọn ọmọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Bílì

Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sábà máa ń fi service charge (owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́) ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Bí oúnjẹ yín bá jẹ́ £180, wọ́n á fi £22.50 kún un, á di £202.50. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò yín láti ilé. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó wà lọ́wọ́ yín láti san án, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò bí iṣẹ́ wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2024, òfin ti ní kí owó yìí dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pátápátá, kí ọ̀gá má mú nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti fi í sínú bílì, kò pọn dandan kí ẹ tún fi owó mìíràn sílẹ̀ lórí tábìlì. Bí nǹkan kan bá sì kù díẹ̀ káàtó, ẹ sọ ọ́ fún wọn kí ẹ tó sanwó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ilé oúnjẹ tuntun tó ń wá oníbàárà máa fẹ́ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Oúnjẹ tó ṣẹ́kù

Ẹ ní kí wọ́n dì í fún yín. Ragù àti lasagne máa ń dùn sí i lọ́jọ́ kejì. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí pasta olóbẹ̀ tòmátò, ẹ bò ó, ẹ sì gbé e ka iná kékeré títí á fi gbóná dénú. Ẹ má wulẹ̀ gbé carbonara lọ sílé, ẹyin inú rẹ̀ á dì bí ẹyin díndín tí ẹ bá tún gbé e kaná. Risotto àti oúnjẹ ìrẹsì mìíràn gbọ́dọ̀ wọ inú fíríìjì láàárín wákàtí kan, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ kan, kí ẹ má sì gbé e kaná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Pizza, inú páànù gbígbẹ ni kí ẹ ti gbé e kaná láìsí òróró, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè tún dún kàkà.